Bí a ṣe ń ṣọ́ ṣúgà aláìsàn àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ní wọ́ọ̀dù

Aláìsàn àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní tí wọ́n bá gbà sí wọ́ọ̀dù wa níbí ní Ìkòròdú, bébà kan ni mo kọ́kọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Mo á fa ìlà sí i, á pín sí òpó mẹ́rin: aago, ṣúgà, insulin, oúnjẹ. Òpó ṣúgà nìkan kò lè sọ nǹkan kan fún wa. 180 mg/dL (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ níbí) ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, ọ̀tọ̀ ni. 180 ní wákàtí kan lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀bà, ọ̀tọ̀ ni. 180 lẹ́yìn tí wọ́n ti gún un ní Actrapid, ìyẹn insulin oúnjẹ, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì tíì dé, ìyẹn ti ń já bọ̀ nílẹ̀, ká tètè wá nǹkan tó máa jẹ. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń gún ìka, ẹ kọ́ bí a ṣe ń kọ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kún.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mò ń kọ èyí fún àwọn àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, mo sì ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó tí ẹ ń sun orí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nọ́ọ̀sì kan lè máa bójú tó odidi wọ́ọ̀dù lóru. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá gbogbo mọ́ínmọ́ín yẹn ló jẹ tàbí ó kàn bù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì tó sì gbé e tì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tí a ń bá jà. Nínú oríṣi kìíní, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àìsàn lọ ló yíjú padà sí pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, tí wọ́n pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà jẹ ṣúgà jù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀. Ara tí kò ní insulin kò lè lo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ọ̀rá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ọ̀rá tó ń jó yẹn á sì máa tú èròjà kíkan kan tó ń jẹ́ ketone sínú ẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi di kíkan. Kí insulin tó dé, ikú ló máa ń gbẹ̀yìn àìsàn yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní Kánádà, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gún ní insulin tí àwọn olùwádìí méjì, Banting àti Best, wá jáde lọ́dún tó ṣáájú. Ọmọ náà ti rù kan eegun. Ó yè, ó sì tún lo ọdún mẹ́tàlá sí i láyé.

Mo sọ ìtàn yẹn nítorí gbólóhùn kan tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ẹbí ṣáá: “Nọ́ọ̀sì, kò jẹun láti àárọ̀, ẹ má gún un o.” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn kò tilẹ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, àgàgà nígbà tí ibà tàbí egbò bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Insulin tó ń pẹ́ lára, èyí tí a ń gún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, a kì í dá a dúró fún ẹni tó ní oríṣi kìíní. Dókítà lè dín in kù. Dókítà lè ní ká fa omi tó ní dextrose, ìyẹn ṣúgà, sí i lára. Insulin oúnjẹ ni a lè fò bí kò bá sí oúnjẹ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun, bí ẹ bá rí i nínú fáìlì pé wọ́n kàn kọ “ẹ fún un ní insulin bí ṣúgà bá ga” láìsí insulin tó ń pẹ́ lára níbẹ̀, ẹ lọ bá dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbà wo ni ká máa yẹ ṣúgà wò? Bí ó bá ń jẹun, ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, ṣáájú tọ̀sán, ṣáájú talẹ́, àti nígbà tó bá fẹ́ sùn. Bí kò bá jẹun nítorí iṣẹ́ abẹ tàbí èébì, ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà síra. Bí insulin bá ń gba inú iṣan wọlé, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni, títí ara rẹ̀ á fi dúró sójú kan. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí insulin alẹ́ rẹ̀ padà, tàbí tí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ lánàá, ẹ jí i yẹ̀ wò láàárín aago méjì sí mẹ́ta òru. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn wọ́ọ̀dù, a fẹ́ kí ó wà láàárín 100 sí 180 mg/dL. Fún ẹni tó wà ní ẹ̀ka àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, 140 sí 180 ni. Kò sí ẹni tó ń bá wa wá 85 ní wọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ sún mọ́ ewu jù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìwọ̀n-ṣúgà tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mmol/L ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà, tiwa níbí sì ń ka mg/dL. Ẹ fi 18 sọ èkíní di púpọ̀, ẹ ó rí èkejì. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ 18 ní mmol/L, 324 lonítọ̀hún wà. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó rò pé 18 tiwa ni, yóò sáré lọ gbé ṣúgà fún un mu. Ẹ kọ orúkọ òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà nígbà gbogbo.

Ó kan gígún ìka. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì wà lórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rọ kọ 312 ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo wo ojú rẹ̀: kò rẹ̀ ẹ́, òǹgbẹ kò gbẹ ẹ́, kò lọ tọ̀ ju bó ṣe máa ń lọ. Mo gbé ìka rẹ̀ sí imú, òórùn ọsàn ló ń jáde níbẹ̀. Èèpo ọsàn wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló jẹ ẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló bá a bó o. “Omi ọsàn lásán, mà?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bi mí. A fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, a nù ún gbẹ, a gún ìka mìíràn. 148. Insulin tí à bá gún un nítorí 312 yẹn ì bá mú un dákú kí oúnjẹ alẹ́ tó dé.

Nítorí náà, omi àti ọṣẹ ló ṣáájú, kí ẹ sì nu ọwọ́ náà gbẹ dáadáa, torí omi tó bá kù lórí ìka á fomi la ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà á sì wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé spirit lẹ fi nu ìka, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán. Bí ọwọ́ bá tutù, kí ó na apá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín mú un móoru. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni ká gún, kì í ṣe àárín ibi tó fi ń tẹ fóònù. Ìka àárín àti èyí tí a ń wọ òrùka sí ló dára jù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìka. Ẹ má fún ìka kíkankíkan kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, omi ara á dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí omi dextrose bá ń wọ apá òsì, apá ọ̀tún ni ká gún.

Abẹ́rẹ́ ìka kan, aláìsàn kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kódà ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ náà sí, tí ó ń ta ìka pọ́n-ún, ẹnì kan ló ni ín. Ẹ má bá aládùúgbò ibùsùn yín pín in, bẹ́ẹ̀ ni pẹ́ẹ̀nì insulin náà. Àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B máa ń gba ibẹ̀ ràn, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí pàápàá tó o. Mítà tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń lò, ẹ fi oògùn apakòkòrò nù ún kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìgò sírípù, ìyẹn bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ki bọ ẹ̀rọ tí a sì ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, náà ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ dé e padà lójú ẹsẹ̀. Etí ọ̀sà là ń gbé, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, ọ̀rinrin sì ń ba sírípù jẹ́. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa, ẹ má sì rọ sírípù sínú àpò aṣọ iṣẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì rí i pé sírípù ẹ̀rọ yẹn gan-an ni. Ẹ̀rọ pàápàá lè ṣìnà: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára aláìsàn, nọ́ńbà máa ń ga ju òtítọ́ lọ, bí ara bá ti gbẹ jù tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá rìn dé ìka dáadáa, kò ṣeé gbára lé. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, a á fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ránṣẹ́ sí láàbù. Bí ẹ̀rọ bá sì kọ “HI”, ó ti ju ibi tó lè kà lọ, ìyẹn 600 mg/dL nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ pe dókítà. Ẹ má fi “HI” sílẹ̀ lórí bébà títí di ìgbà tó kàn.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù ni oúnjẹ. Insulin soluble, irú Actrapid, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ni a ń gún un. Bí ẹ bá yẹ ṣúgà wò ní aago méjìlá, tí ẹ gún un ní aago méjìlá ààbọ̀, tí oúnjẹ wá dé ní aago méjì, ẹ ti fi aláìsàn yẹn sínú ewu. Oúnjẹ ilé ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ń jẹ. Ó ń bọ̀ láti Ìgbógbó, láti Ìmọ́tà, láti Ìjẹ̀dé, ọkọ̀ sì lè dúró sójú kan ní Sábó bíi pé kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Orò, tí obìnrin kì í jáde lọ́sàn-án, ẹni tó máa gbé oúnjẹ wá lè má lè yọjú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí ẹ bá ti gbọ́ pé ọjọ́ náà ń bọ̀, ẹ gbé oúnjẹ tó máa wà nílẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tàbí kí ẹ rán ọkùnrin. Òfin tèmi ni pé n kì í gún insulin oúnjẹ àfi bí mo bá fi ojú mi rí abọ́ oúnjẹ náà. Ẹ̀yin ẹbí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní insulin oúnjẹ kí ẹ tó ṣí abọ́ hàn án.

Kò sí oúnjẹ ilé tí mo fẹ́ lé kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé jẹ bí ìwọ̀n bá wà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ kọ ọ́: “ìkọ́kọrẹ́, ṣíbí ńlá mẹ́rin, ẹja kan.” Bí ẹ bá kọ “ó jẹun”, dókítà kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Bí àgbo bá sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ fún wa. N kò ní bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lára ẹni tí mò ń gún ni.

Ṣúgà tó já wálẹ̀ ló ń pani kíákíá. Ní ìsàlẹ̀ 70, ẹ gbé ìgbésẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ 54, pàjáwìrì ni. Ẹ máa wo òógùn tútù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń lù kìkì, ebi òjijì, ọ̀rọ̀ tó ń wọ́ lẹ́nu, ìbínú tí kò nídìí. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bùté Ìpakodò sùn lọ lálẹ́, ṣúgà rẹ̀ 132. Ní òru, ọmọ rẹ̀ wá bá mi nídìí tábìlì: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, màmá mi ń làágùn, fáànù sì ń fẹ́ sí wọn lára.” Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ìyá náà, ó tutù, ó rin gbindin, ìrọ̀rí pàápàá ti tutù. Nígbà tí mo pè é, ó dáhùn, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ ló ń pè mí. 46. Ọmọdébìnrin yẹn kò mọ ìwé ìṣègùn kankan. Ó mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sùn.

Ohun tí a ṣe fún un nìyí, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é bí aláìsàn bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Ẹ fún un ní ṣúgà tó tó gíráàmù 15 sí 20: ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà nínú, bí ìwọ̀n 150 ml, tàbí ṣúgà oníhóró mẹ́rin tí ẹ yọ́ sínú omi díẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n kọ “zero” sí lára kò ní ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ṣokoléètì, torí ọ̀rá inú rẹ̀ á fa ṣúgà náà sẹ́yìn. Ẹ ka ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún un ṣe. Ìgbà tó bá kọjá tán lẹ tó fún un ní búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ, bí oúnjẹ tó kàn bá ṣì jìnnà. Bí ó bá ti dákú tàbí tí gìrì ń mú un, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe oyin. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ké sí wa. Inú iṣan la ó gba fún un ní dextrose, tàbí ká gún un ní glucagon, oògùn tó ń gbé ṣúgà sókè, bí ó bá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tó fà á nínú òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má torí pé ó já lóru fagi lé gbogbo insulin àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Ẹni tí àìsàn yìí ti wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè má ní àmì kankan mọ́. Ẹni tó ń lo propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ọwọ́ rẹ̀ lè má gbọ̀n, àyà rẹ̀ lè má lù. Òógùn ló ṣì máa sọ fún yín. Quinine tí wọ́n ń lò fún ibà máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, ibà líle fúnra rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn irú prednisolone tí wọ́n lò láàárọ̀ máa ń gbé e sókè láti ọ̀sán dé alẹ́, kó tún lọ sílẹ̀ mọ́jú. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, insulin á pẹ́ lára ju bí a ṣe rò lọ.

Bí ṣúgà bá kọjá 250, tí aláìsàn sì ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, ẹ yẹ ketone wò, nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ tó bá tó 3 mmol/L, ewu ńlá ti dé. A á fa omi sí i lára púpọ̀, insulin á máa gba inú iṣan lọ, a ó sì máa yẹ ṣúgà wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. A ó máa yẹ potassium, irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, wò pẹ̀lú, torí insulin ń lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, bí ó bá sì kéré jù, ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Nígbà tí ṣúgà bá wá sílẹ̀ dé bíi 250 tàbí 200, a óò so omi dextrose mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ẹbí máa ń fa ìbínú yọ: “Omi ṣúgà fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ?” Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Ṣúgà ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n ketone kò tíì lọ, insulin nìkan ló sì lè lé e. Omi ṣúgà yẹn ló ń jẹ́ ká lè máa fún un ní insulin lọ láìjẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ já bọ́. A kì í sì í yọ insulin inú iṣan àfi tí a bá ti gún un ní ti abẹ́ awọ ṣáájú, torí èyí tó wà nínú iṣan kì í pẹ́ tán.

Bí aláìsàn bá wọ ẹ̀rọ tó ń lẹ̀ mọ́ apá, irú FreeStyle Libre, ẹ má yọ ọ́ láìnídìí. Ó wúlò gan-an lóru. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ awọ ni ó ń wọ̀n, ó sì máa ń gbẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ohun tó kọ kò bá bá ojú aláìsàn mu, ẹ gún ìka.

Insulin tí a kò tíì ṣí, fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí a ti ṣí, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára; ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá ọjọ́ 28. Bí kò bá sí iná, ẹ má ki i sínú yìnyín tí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja. Insulin tó bá ti dì ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà. Ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ìkòkò ńlá, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín méjèèjì, sàn jù ú lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ ilé, ẹ ṣe àdàkọ bébà òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, kí ẹ mú un dání lọ sí kílíníìkì. Kí a tó buwọ́ lu fáìlì, ẹni tó máa gún un nílé yóò fa insulin sínú sírínjì lójú wa. Sírínjì insulin tí wọ́n kọ 100 units sí ni o. Kì í ṣe ti 2 ml tí kẹ́mísì bá gbé fún yín nítorí pé tòótọ́ ti tán. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Kí ó fà á, kí ó ka ìlà rẹ̀ sókè fún wa, kí ó gbé e sókè sójú iná wò bóyá atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ dúró di àárọ̀ ọ̀la, ká tún un ṣe.